Ibùsùn Méjì Nínú Yàrá Kan

Àwòrán yàrá ni ọmọ mi kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí mi, kí ó tó fi ti ọkọ̀ ojú omi tí a ó wọ̀ ránṣẹ́. Mo wà ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ náà ní Adó-Èkìtì, mo ń dúró de fáìlì kan tí wọ́n ní ó ti ń bọ̀ láti yàrá kejì láti ọjọ́ Ajé. Mo ṣí fóònù. Ibùsùn méjì ni mo rí, wọ́n tẹ́ aṣọ funfun lé wọn, fèrèsé róbótó kan sì wà lókè wọn bí ojú ẹja. Ọmọ mi kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé yàrá tèmi àti ti Màmá Ìgbẹ́mọ nìyí, ó sì béèrè bóyá kò rẹwà.

Mo wo àwòrán náà títí. Àlàfo tó wà láàárín ibùsùn méjèèjì kò ju ibi tí ènìyàn lè gbé àpótí ìjókòó kan sí lọ. Mo dá a lóhùn pé ó rẹwà.

Ìyá tó bí ìyàwó mi ni Màmá Ìgbẹ́mọ. Ó ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́rin, inú ilé tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ní Ìgbẹ́mọ ló ń gbé. Odindi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni mo fi jẹ́ ọkọ ọmọ rẹ̀ kí ọmọ náà tó kú. Ọdún mẹ́ta ti kọjá lórí ìyẹn, mo ṣì ń jẹ́ àna rẹ̀. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyí, n kò jẹun lójú rẹ̀ rí. Kò rí mi rí nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, èmi náà kò rí orí rẹ̀ láìsí gèlè. Bí mo bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, màá dọ̀bálẹ̀, màá jókòó sórí àga tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, màá béèrè àlàáfíà rẹ̀, yóò béèrè tèmi. Lẹ́yìn náà a ó jọ máa wo adìyẹ inú àgbàlá títí tí ilẹ̀ yóò fi fẹ́ ṣú. Ó dára bẹ́ẹ̀ fún àwa méjèèjì.

Ọkọ̀ ojú omi wá fẹ́ kí a jọ wà nínú yàrá kan fún ọjọ́ mẹ́jọ, láìsí adìyẹ.

N kò bínú sí ọmọ mi. Ó ti pé ọdún márùn-ún tó ti wà ní ìlú Òyìnbó, ó ti lọ́kọ, ó ti bímọ kan níbẹ̀. Nígbà tó ń san owó yàrá wa àti ti òun àti ọkọ rẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àna ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló wà lọ́kàn rẹ̀.

Olùkọ́ jọ́gíráfì ni ìyàwó mi. Èmi pẹ́ kí n tó dé ilé ìwé. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí mo wọ kíláàsì kìíní, mo ti ń dá ebè kọ nígbà náà, mo sì ga tó olùkọ́ wa. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ayé tó kọjá Àkúrẹ́, ọ̀dọ̀ ìyàwó mi ni mo ti gbọ́ ọ, nígbà tó bá ń máàkì ìwé lórí tábìlì oúnjẹ. Ọdọọdún ló máa ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ nípa ilẹ̀ kan lókè ayé, ní Nọ́wè, níbi tí yìnyín ti gbẹ́ àfonífojì láàárín àwọn òkè, tí òkun sì gba ibẹ̀ wọlé. Ó máa ń ya á sójú pátákó pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì. Òun kò dé ibẹ̀ rí, àwọn ọmọ kíláàsì kò sì ní ìrètí láti dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wọn mọ bí a ti ń yà á. Ó sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ pé àwọn òkè náà jọ ti Èkìtì wa, àfi pé wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ inú òkun, wọ́n sì fi funfun bo orí. Ó ní bí ọmọ wa bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ìlú Òyìnbó, òun yóò mú ìyá òun lọ wò ó. Ọmọ wa fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìyá ọmọ wa ni kò dúró.

Mo lọ sí Ìgbẹ́mọ láti sọ fún Màmá. Mo bá a níbi tó ti ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì lórí atẹ. Mo sọ ọ̀rọ̀ náà ní ṣókí. Kò gbójú sókè. Ó ṣa bí òkúta mẹ́ta sí i, lẹ́yìn náà ó béèrè bóyá òkè tí ọmọ òun máa ń sọ yẹn ni. Mo ní òun ni. Ó ní èyí tó ki ẹsẹ̀ bọ omi? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ó dára. Ó gbé atẹ sílẹ̀, ó wọ yàrá lọ, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó ti bọ́jú.

Lẹ́yìn èyí, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ibùsùn?

Bí mo bá ní n kò lọ, òun náà kò lè lọ. Ìbàdàn ni ibi tó jìnnà jù tó tíì dé, ọmọ mi kò sì ní jẹ́ kí ó dá wọ ọkọ̀ òfúrufú. Wọ́n ti kọ orúkọ wa pọ̀ nínú ìwé físà, èmi ni wọ́n kọ síbẹ̀ pé mo ń mú un lọ. Mo rò ó pé kí n sọ fún ọmọ mi kí ó gba ìyá àgbà sọ́dọ̀, kí ọkọ rẹ̀ wá bá mi. Ṣùgbọ́n ọkọ ọmọ mi, àna mi ni òun náà. Ọmọlúàbí ni, kì í kí mi láì dọ̀bálẹ̀, àlàfo tó sì wà láàárín ibùsùn méjì yẹn kò gba ọkùnrin tó dọ̀bálẹ̀. Ọ̀rọ̀ àna ni mo fẹ́ fi pààrọ̀ ọ̀rọ̀ àna. Mo dákẹ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í múra.

Àwọn ará Adó bá mi múra. Nígbà ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ bá tutù díẹ̀ láàárọ̀, àwa la máa ń wúkọ́ jù, síbẹ̀ kò sí ẹni tí kò mọ òògùn òtútù Nọ́wè. Ẹnì kan ní ọ́fíìsì ní kí n máa fi ìwé ìròyìn sábẹ́ ẹ̀wù. Ẹnìkejì ní kí n má ṣe wẹ̀ rárá títí n ó fi padà. Àlùfáà wa, tí n kò sọ ohunkóhun fún, dárúkọ wa nínú ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, ó sì ka àdúrà fún àwọn tó wà lójú òkun. Àdúrà náà ti wà nínú ìwé láti ìgbà àwọn baba wa, kò sì sí òkun ní Èkìtì. Ó kà á bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ìlò fún irinṣẹ́ kan tó ti ń kọ́ lára ògiri láti ọjọ́ pípẹ́.

Ní Ọjà Ọba, ìdí àwọn olókìrìká ni mo lọ. Ọ̀sán gangan ni, obìnrin tó ń ta ọjà fi kóòtù dúdú kan wọ̀ mí, ó fa síìpù rẹ̀ dé àgbọ̀n mi, ó sì dúró kí n sọ bí ó ti rí. Òógùn kò jẹ́ kí n ríran dáadáa. Mo ní ó dára. Mo ra pupa kan fún Màmá, onírun lọ́rùn. Nígbà tí mo délé, mo bá ìbọ̀wọ́ kan nínú àpò tèmi, ti ọwọ́ òsì. Ẹnì kan wà níbì kan tó mú ti ọ̀tún lọ sínú òtútù.

Màmá náà ń múra lọ́dọ̀ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó ń gbà múra kò yé mi. Ó ní kí n pe ọmọ ọmọ òun lórí fóònù, ó sì bi í ní ohun tí n kò retí pé ẹni tó ń lọ wo òkè yóò béèrè.

"Ara ulé inú ọkọ̀ yẹn, ṣé ugi ni àbí irin?"

Ọmọ mi rẹ́rìn-ín, ó ní irin ni, ògiri àti àjà. Màmá ní báwo ni àjà náà ṣe ga tó? Ó ní kò ga, Dádì lè na ọwọ́ kàn án. Màmá dúpẹ́, ó fún mi ní fóònù mi. Mo rò pé ẹ̀rù ń bà á pé irin yóò rì. Mo ṣàlàyé fún un, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó mi ti ṣàlàyé fún mi, pé irin tó ní ihò nínú máa ń léfòó. Ó gbọ́ ọ dé òpin pẹ̀lú sùúrù, bí àgbàlagbà ti ń gbọ́ àkọ́sórí ọmọdé nílé ìjọsìn.

Lọ́jọ́ kan náà, nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó béèrè rédíò ńlá tí ọmọ rẹ̀ fi ń gbọ́ ìròyìn, èyí tó ti bàjẹ́. Ó ní ṣé ó ṣì wà? Mo ní ó wà. Ó ní kí n bá òun gbé e wá. Mo rò pé ohun ìrántí ló fẹ́. Mo nù ún, mo fi aṣọ wé e, mo gbé e fún un lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, n kò sì lè wo ojú rẹ̀ bí ó ti ń gbà á.

Ọjọ́ náà ni mo bá a nídìí òfì. Ó ti tó ogún ọdún tó ti gbé òfì tì, igi rẹ̀ kàn fara ti ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni, adìyẹ a máa sùn lórí rẹ̀. Ó ti lé adìyẹ kúrò. Kíjìpá ló ń hun, aṣọ òwú tó nípọn bí awọ, irú èyí tí àwọn ìyá wa máa ń ró lọ sóko. Mo béèrè bóyá torí òtútù ni. Ó ní ṣebí ibi òtútù là ń lọ. Mo sọ fún un pé mo ti ra kóòtù. Ó ní òun ti rí i, ó kú ìnáwó, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ilé ẹja ló bà mí lọ́kàn jẹ́. Obìnrin kan nínú ìjọ wa ń ta ẹja dídì ní Òkè-Ìlá, ó sì ní yàrá ńlá kan tó fi irin ṣe, tó ń kó páálí ẹja sí. Ó ní kí ló dé tí a ó fi dúró dé ojú òkun kí a tó mọ̀ bóyá kóòtù wa dára? Ó ní kí a wá dán an wò. Kò sí ẹni tó lè sọ pé ìmọ̀ràn náà kò bọ́gbọ́n mu. Mo lọ gbé Màmá wá láti Ìgbẹ́mọ. A wọ kóòtù níwájú ṣọ́ọ̀bù, àwọn ọlọ́kadà tó wà lábẹ́ igi dákẹ́ ọ̀rọ̀ wọn. A wọlé. Obìnrin náà ti ilẹ̀kùn mọ́ wa, ó ní òun yóò ṣí i tó bá ṣe díẹ̀.

Gílóòbù kan ló wà nínú yàrá náà. Páálí kòtè wà lápá kan, páálí páńla wà lápá kejì, àlàfo tó wà láàárín wọn kò ju ibi tí ènìyàn lè gbé àpótí ìjókòó kan sí lọ. Mo mọ àlàfo náà. Mo ti rí i lórí fóònù mi.

Kò sí àga nítòsí ẹnu ọ̀nà. Kò sí ibi tí mo lè gbé ojú sí. Mo kọjú sí kòtè. Màmá kọjú sí páńla. Èémí mi àti tirẹ̀ ń jáde bí èéfín, wọ́n gòkè lọ, wọ́n sì pàdé lókè orí wa láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, obìnrin ẹlẹ́ja béèrè bí òtútù náà ti rí. Mo ní òtútù kankan kò mú mi. Màmá ní kò mú òun náà. Òótọ́ ni àwa méjèèjì sọ, ojú ló ń tì wá. Inú obìnrin náà dùn pé kóòtù dára. Ó ní Nọ́wè tí à ń lọ gan-an ni wọ́n ti ń kó páńla kan wá, èyí tó gbẹ. Màmá ní ó yẹ kí a lọ, nígbà tó jẹ́ pé páńla wọn ti kọ́kọ́ wá kí wa.

Mo fọ kóòtù tèmi lẹ́ẹ̀mẹta, òórùn ẹja kò kúrò. Ológbò ilé kejì máa ń wá jókòó sábẹ́ okùn tí mo sá a sí, kì í sì í tètè lọ. Ibẹ̀ ni mo dúró sí tí mo fi pinnu pé n kò lọ mọ́. Ìṣẹ́jú díẹ̀ pẹ̀lú páálí ẹja kò ṣeé fara dà. Ọjọ́ mẹ́jọ ńkọ́, pẹ̀lú aṣọ ìwọ̀sùn, pẹ̀lú balùwẹ̀ kan? N ó sọ pé orúnkún ń dùn mí. Mo pe ọmọ mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ orúnkún ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi bí Màmá Ìgbẹ́mọ ti ń pe òun lójoojúmọ́ láti orí fóònù aládùúgbò, pé àná ni Màmá tún ní kí òun sọ bí òkè náà ṣe rí, láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó béèrè kí ni mo fẹ́ sọ nípa orúnkún. Mo ní kò sí nǹkan kan.

Mo wá rò ó pé Màmá fúnra rẹ̀ ló yẹ kí n kọ́kọ́ sọ fún, lójúkojú. Àgbàlagbà ni, yóò gbà. Mo wakọ̀ lọ sí Ìgbẹ́mọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo jókòó sórí àga ẹnu ọ̀nà. A wo adìyẹ díẹ̀. Mo ní orúnkún mi ń dà mí láàmú láti ọjọ́ mélòó kan, pé bóyá kò ní jẹ́ kí n lè rin ìrìnàjò náà.

"Èwo nínú méjèèjì?"

N kò ronú dé ibẹ̀. Mo ní ti ọ̀tún.

"Òun lẹ kọ́kọ́ fi kúnlẹ̀ nígbà tí ẹ̀ ń kí mi. Ara rẹ̀ yá."

Mo fọwọ́ kan orúnkún náà. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ láì wo apá ọ̀dọ̀ mi, bí ẹni ń bá àwọn adìyẹ sọ ọ́.

"Àna mi, ibùsùn méjì yẹn ló ń jẹ yín lórúnkún. Ọmọ yín ti fi í han èmi náà lórí fóònù aládùúgbò mi. Ọmọ yín rò pé àwòrán ló dára, n kò bá a wí. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní lè sọ ọ́, mo sì mọ̀ pé tí n bá sọ ọ́, ẹ ó ní kí n lọ, kí ẹ̀yin jókòó sílé. Bẹ́ẹ̀ èmi nìkan ò lè lọ."

Mo ní a lè ní kí ọmọ gbà á sínú yàrá tirẹ̀.

"Kí n wá ya tọkọtaya nítorí pé mo fẹ́ wo òkè? Ọmọ mi ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀."

Ó dìde, ó wọlé, ó gbé kíjìpá náà jáde. Ó ti hun ún tán, ó ti rán an pọ̀, ó fẹ̀ ju aṣọ tí ènìyàn lè fi bora lọ. Etí rẹ̀ lókè ní àpò kéékèèké tí a rán pa, nǹkan wúwo kan sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀kùn tó wà láàárín pálọ̀ àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, irin ni férémù rẹ̀. Ó gun orí àpótí kí n tó lè dá a dúró, ó gbé etí aṣọ náà kan irin òkè. Aṣọ náà lẹ̀ mọ́ ọn, àpò kan tẹ̀lé òmíràn, ó sì rọ̀ dé ilẹ̀.

Òòfà ni. Ó ní ti inú rédíò ọmọ òun ni èyí tó wà láàárín, òun ló lágbára jù. Àwọn yòókù, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tún rédíò ṣe ni òun ti gbà wọ́n, nínú àwọn rédíò tó ti kú. Mo rántí àjà irin tó béèrè, mo sì rántí àlàyé tí mo ṣe fún un nípa irin tó ń léfòó.

Ó ní níwọ̀n ìgbà tí a ti dán kóòtù wò, ó yẹ kí a dán èyí náà wò. Ó ní kí n gbé àga mi sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, òun yóò wà ní pálọ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. N kò rí i mọ́; aṣọ náà dúdú, ó ní ilà funfun, kò sì jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá. Mo gbọ́ ohùn odó lẹ́yìnkùlé, ọmọ aládùúgbò rẹ̀ ló ń gún iyán. Nígbà tó yá, ọwọ́ kan gba abẹ́ aṣọ ti àwo iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí sí mi. Mo gbọ́ tó jókòó lódìkejì, mo gbọ́ tó ń fọwọ́. Mo fọ ọwọ́ tèmi náà.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun pọ̀ nìyẹn, èmi àti ìyá ìyàwó mi, lẹ́yìn ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Kò sí ẹni tó rí ẹnìkejì. Ọbẹ̀ náà ni ìyàwó mi máa ń sè, mo mọ̀ ọ́n lẹ́nu. Mo jẹ ẹ́ tán, n kò sì yára.

"Ó ku ẹyọ kan," ni ó wí láti ẹ̀yìn aṣọ. "Ọmọ mi sọ fún mi pé ẹ máa ń hanrun."

Mo ní n kò mọ̀. N kò mọ̀ lóòótọ́. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni obìnrin náà fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ kan. Mo béèrè bóyá ó pọ̀.

Mo gbọ́ tí Màmá ń kó àwo rẹ̀ jọ. Ó ní ohun tí ọmọ òun sọ fún òun ló jẹ́ kí òun hun ún ní ìṣẹ́po méjì.